Imọ̀ Ọ̀pẹ àti Ilé Ẹyẹ



Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa kí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tó dé, nígbà tí ọwọ́ wa kò tíì kan àdá. Bí ohun tí a fẹ́ fi bu ọlá fún Ọlọ́run bá ń run ohun tí Ọlọ́run dá, ǹjẹ́ ọlá ni ó ṣì jẹ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò dáhùn kíákíá pé ó tì o. Ìdáhùn kíákíá kì í nira nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jìnnà sí ilé ẹni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn gan-an, láàrin àwọn Kátólíìkì bí tiwa, tí wọ́n fẹ́ràn Olúwa, tí wọ́n sì fẹ́ràn ọdún wọn.

Ní ilẹ̀ Kòlómbìà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn òkè ńláńlá kan wà tí à ń pè ní Andes. Lórí àwọn òkè wọ̀nyí, ní ibi tí ó fi nǹkan bí 2,000 mítà sí 3,000 mítà ga ju ojú òkun lọ, níbi tí ìkùukùu ti ń sùn mọ́ ilẹ̀ tí òtútù sì ń mú, ni ọ̀pẹ kan ń hù tí kò jọ ọ̀pẹ tiwa. Òun ni ó ga jù lọ nínú gbogbo ọ̀pẹ ayé. Ó lè ga tó 60 mítà. Akọ̀pẹ tí ó gbójú jù lọ ní ilẹ̀ wa, bí ó ti wù kí igbà rẹ̀ yi tó, yóò gbé ojú sókè wò ó, yóò kí i pé ó dàbọ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ara igi náà funfun nítorí pé ìda bò ó, ìdí sì nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é ní ọ̀pẹ onída. Láyé àtijọ́, wọn a máa ha ìda náà kúrò lára rẹ̀, wọn a sì fi ṣe àbẹ́là. Alexander von Humboldt, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó rìn jìnnà láti kọ́ nípa ohun tí Ọlọ́run dá, rí i ní 1801 nígbà tí ó ń la òkè Quindío kọjá, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní 1985, ìjọba Kòlómbìà fi òfin sọ ọ́ di igi orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì ka gígé rẹ̀ léèwọ̀.

Ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, èyí tí à bá pè ní màrìwò lára ọ̀pẹ tiwa, gùn, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́ bí wàrà tí a kán oyin díẹ̀ sí. Ó ṣe é hun. Láti ìran dé ìran ni àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ náà ti ń fi í hun àgbélébùú àti oríṣiríṣi ọnà, tí wọ́n sì ń gbé e lọ́wọ́ nínú ìwọ́de Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, tọmọdé tàgbà, tí ojú pópó a sì funfun bí ẹni pé òwú là sórí àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn Mísà, wọn a gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí àrá bá ń sán lóru, ìyá arúgbó inú ilé a sun díẹ̀ nínú rẹ̀, a sì máa gba àdúrà. Ta ni yóò fi irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín? Kì í ṣe èmi. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, tí ó gbé wá síwájú Olúwa rẹ̀, tí ó sì tún gbé padà lọ sí ilé láti máa wò títí ọdún yóò fi yí, kò kéré. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ayé máa ń ṣe nígbà mìíràn bí ẹni pé ọdún jẹ́ ohun ìfiṣòfò lásán, pé kí a sáà pa á tì. Èmi kò bá wọn lọ níbẹ̀. Ìlú tí kò ní ọdún, ẹrù nìkan ni ó ní.

Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kì í ṣe igi ẹlẹ́ka. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èyí jù mí lọ. Bí a bá gé ẹ̀ka ìrókò kan, òmíràn lè sọ. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo tí ó fi ń dàgbà, ní àárín orí rẹ̀, bí ojú náà bá sì kú, igi kú. Màrìwò ni ohun tí ojú náà ń bí. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì sí ẹni tí ó lè gun ọ̀pẹ onída tí ó ti dàgbà, àwọn ọmọ ọ̀pẹ tí orí wọn ṣì wà nítòsí ilẹ̀ ni àdá ń bá. Ọ̀pẹ yìí kì í kánjú. Ó ń lo ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Bóyá èyí tí ọmọkùnrin kan gé lónìí ni bàbá bàbá rẹ̀ rí nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Wọn a gé àwọn ewé tí kò tíì là kúrò ní àárín rẹ̀ ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ yìí. Bí ó bá ṣe oríire tí ó yè é, tí ó tún rú, Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ mìíràn ti dé.

Odídẹrẹ́ kan sì ń bẹ tí ọ̀pẹ yìí jẹ́ ilé fún. Ara ẹyẹ náà ní àwọ̀ ewé tútù, iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀bá etí rẹ̀ sì pọ́n bí èso ìyeyè. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní odídẹrẹ́ elétí ìyeyè. Inú ihò ara ọ̀pẹ onída ni ó ń yé sí, pàápàá èyí tí ó ti kú tí ó ṣì wà lóòró. Nígbà tí ọ̀rúndún tí ó kọjá fi ń parí lọ, ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹyẹ yìí ti tán láyé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ẹyẹ rí ọ̀wọ́ kan nítòsí Roncesvalles, ní ẹkùn Tolima. Wọ́n kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 81. Kì í ṣe 81 ẹgbẹ̀rún o. Àwọn tí ń wá sí Mísà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ní ìjọ kékeré kan lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n má baà pa irọ́ mọ́ ọdún, ó yẹ kí n sọ pé màrìwò nìkan kọ́ ni ó fa èyí. Àwọn tí ń sin màlúù ti gé igbó orí òkè náà láti sọ ọ́ di pápá ìjẹko, wọ́n sì fi àwọn ọ̀pẹ ńláńlá sílẹ̀ lóòró nítorí ẹwà wọn tàbí nítorí òfin. Ẹni tí ó bá dé àfonífojì Cocora lónìí yóò rí wọn, wọ́n nà tọ̀ọ̀ bí òpó ilé ìjọsìn tí a kò kan òrùlé sí, àwọn arìnrìn-àjò sì ń ya àwòrán wọn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ wọn, kò sí ọmọ. Èso wọn ń já bọ́, ó ń hù, màlúù a jẹ ẹ́, tàbí kí oòrùn pápá gbígbòòrò pa á, nítorí pé abẹ́ òjìji igbó ni a dá ọmọ ọ̀pẹ yìí láti dàgbà. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níhìn-ín, àgbà wà lọ́jà, wọ́n pọ̀ ní iye, wọ́n sì lẹ́wà. Ọmọ tuntun ni a kò rí. Mo máa ń ronú nípa àfonífojì yẹn nígbà tí mo bá ń ronú nípa ẹwà. Ohun kan lè dúró níwájú wa ní gbogbo ògo rẹ̀ kí ó sì jẹ́ pé ó ti parí, tí ó kù kí ìròyìn kàn wá.

Nísinsìnyí, ẹnìkan lè sọ pé: bí ó bá jẹ́ pé màlúù ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù, kí ni a fẹ́ kí àwọn onígbàgbọ́ ṣe sí i? Kí a lọ bá àwọn darandaran. Èsì mi ni pé gbèsè ẹlòmíràn kì í san tèmi. Mo sì fẹ́ sọ ju èyí lọ. Ẹni tí ó da màlúù rẹ̀ sí pápá ń wá wàrà àti owó tí yóò fi bọ́ ọmọ. Bí ó tilẹ̀ ṣe àṣìṣe, àìní ń bá a sọ̀rọ̀ ní etí. Ẹni tí ń ṣe ọdún, kí ni ó ń lé e? Ohun tí ó mú ọdún jẹ́ ọdún gan-an ni pé a kò ṣe é nítorí àìní. Ọ̀fẹ́ ni, ayọ̀ ni, ìfẹ́ ni. Nítorí náà, níbi tí ebi lè ní àwáwí, ọdún kò ní.

Òmíràn yóò sọ pé: ewé kan ṣoṣo ni mo mú, kí ni ewé kan lè pa? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ṣòro jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé òótọ́ ni ó ń sọ. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, àwọn olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìwà fi àkókò púpọ̀ ṣe àlàyé olè kékeré-kékeré fún wa. Ẹ mú obìnrin tí ń ta gààrí, tí ó fi òkúta lu ìsàlẹ̀ kóńgò rẹ̀ wọnú. Ohun tí ó jẹ lára oníbàárà kan kò kún ẹ̀kúnwọ́. Kò sí ẹni tí yóò pe ọlọ́pàá nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpin ọdún, àpò gààrí méjì ni ó ti jí, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti àpò méjì, kì í ṣe ti ẹ̀kúnwọ́. Ọ̀rọ̀ yé wa níbẹ̀ nítorí pé ẹnìkan ni ó ni ọwọ́ tí ó jalè náà, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe. Ti ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ewé kan, kò sí ẹni tí ó bá ẹnìkejì rẹ̀ gbìmọ̀, gbogbo wọn ni ó sì ń kọrin ìyìn. Níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ wà?

Lójú tèmi, a kò gbọdọ̀ wá a ní ọwọ́ ìyá arúgbó tí ó gbé ewé kan lọ sí ilé. Àṣà ni ó kó gbogbo ọwọ́ wọ̀nyẹn pọ̀ di ọwọ́ kan. Bí àṣà bá lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ láti ṣe ohun kan ní wákàtí kan náà, àwọn tí ń tọ́jú àṣà náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ jíhìn: àlùfáà tí ń bùkún ewé, ìgbìmọ̀ ìjọ tí ń ra á, ọ̀gá ẹgbẹ́ tí ń sọ pé ti ọdún yìí gbọ́dọ̀ ju ti èṣí lọ. Ẹni tí ó ní agogo lọ́wọ́ ni ó lè dá ijó dúró.

Ohun tí Ìjọ ní Kòlómbìà sì ṣe nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn tí ń dáàbò bo ẹyẹ, àjọ tí à ń pè ní Fundación ProAves, lọ bá àwọn olórí Ìjọ, wọn kò sì bá wọn jà. Láti orí pẹpẹ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi ọ̀pẹ onída sílẹ̀. Àwọn kan gbé ewé àgbàdo wá, àwọn kan gbé ewé irúgbìn mìíràn tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ wọn, àwọn kan sì gbé ọmọ igi tí ó wà láàyè nínú ìkòkò wá fún ìbùkún, kí wọ́n lè lọ gbìn ín lẹ́yìn Mísà. Wọ́n dáàbò bo ibi tí ẹyẹ náà ń gbé, wọ́n sì kan àpótí mọ́ igi kí ó lè rí ibi yé sí. Nígbà tí ó fi di 2009, ìyẹn ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ka 81, wọ́n ti ka ẹyẹ tí ó ju 1,000 lọ. Ọdún náà kò sì parẹ́. Wọ́n ṣì ń wọ́de, wọ́n ṣì ń kọrin.

Àwọn tí ó bínú sí ìyípadà yìí wà, mo sì mọ irú ìbínú náà, nítorí pé mo ń gbọ́ irú rẹ̀ nílé nígbàkígbà tí a bá yí ohunkóhun padà. Wọ́n ní ohun tí baba wọn ṣe ni, pé ewé àgbàdo kò dára tó láti pàdé Ọba. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Mímọ́ wò. Nínú àwọn ajíhìnrere mẹ́rin, Jòhánù Mímọ́ nìkan ni ó dárúkọ imọ̀ ọ̀pẹ. Mátíù sọ pé wọ́n gé ẹ̀ka igi. Máàkù sọ ti ẹ̀ka eléwé tí wọ́n gé ní oko. Lúùkù kò tilẹ̀ mẹ́nu ba ewé kankan. Ohun tí Mátíù, Máàkù àti Lúùkù jọ sọ ni aṣọ: àwọn ènìyàn bọ́ ẹ̀wù ara wọn, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ojú ọ̀nà. Nínú Òfin Mósè, ẹni tí ó bá gba ẹ̀wù tálákà ní ìdúró gbọ́dọ̀ dá a padà kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé òun nìkan ni ó ní láti fi bora sùn. Irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Olúwa rìn lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e nílẹ̀, eruku wà lára rẹ̀, pátákò ti tẹ̀ ẹ́, ara olówó rẹ̀ ni ó sì padà sí.

Dáfídì ọba mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ó fẹ́ kọ́ pẹpẹ sí ilẹ̀ ìpakà Áráúnà, ọkùnrin náà fẹ́ fún un ní ilẹ̀, ní màlúù, àti ní igi ìdáná, gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọba kọ̀. Ó ní òun kì yóò fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Olúwa, ó sì san owó. Ẹni tí ń ṣe ọdún ni kí ó san owó ọdún. Èyí ni mo rí gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí a fi lè wọn gbogbo ẹwà ọdún. Bí ẹwà bá ná mi ní oorun mi, ní owó mi, ní iṣẹ́ ọwọ́ mi, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó pọ̀ jù fún Ọlọ́run. Bí ó bá ná ẹyẹ ní ilé rẹ̀, tí ó ná ọmọ tí a kò tíì bí ní igi tí kò ní rí láéláé, nígbà náà mo ti pe àlejò, mo sì ti fi ẹran ẹlòmíràn ṣe é lálejò.

Ìwé Mísà pàápàá kò fi wá sínú ìdè. Ó gba imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì gba ẹ̀ka igi mìíràn. Ní Ítálì, ẹ̀ka ólífì ni wọ́n ń gbé; ní Pólàndì, níbi tí yìnyín lè ṣì wà nílẹ̀ ní àkókò náà, ẹ̀ka igi kan tí ń hù létí odò ni, nítorí pé ó máa ń tètè yọ ewé. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ìyìn wọn kò dé òkè.

Tómásì Mímọ́ ti Akúínò kọ́ wa pé ìdí tí Ọlọ́run fi dá ohun púpọ̀ tí ó sì mú kí wọ́n yàtọ̀ síra ni pé kò sí ẹ̀dá kan ṣoṣo tí ó tó láti fi oore Rẹ̀ hàn. Ohun tí ọ̀kan kò lè sọ, òmíràn ni yóò sọ ọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, odídẹrẹ́ elétí ìyeyè ń sọ ohun kan nípa Ọlọ́run tí èmi, pẹ̀lú gbogbo ìwàásù mi, kò lè sọ. Ní 2015 ni olóògbé Póòpù Francis kọ lẹ́tà Laudato Si' sí gbogbo ayé nípa ilé tí gbogbo wa jọ ń gbé, ọ̀pọ̀ sì rò pé ohun tuntun ni. Ògbólógbòó ẹ̀kọ́ ni. Òfin Mósè ti sọ pé ẹni tí ó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà lè mú ọmọ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ìyá lọ.

Ọ̀ràn kan kù ní Kòlómbìà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn aláṣẹ ìtọ́jú igbó máa ń gba ìdì ewé lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á. Òfin ni, ó sì dára kí òfin múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ẹni tí a gba tirẹ̀ yìí? Tálákà ará òkè ni, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ìlú láti wá owó ìyọ̀ àti ọṣẹ. Ẹni tí ó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ń wọ ilé ìjọsìn lọ nínú aṣọ ọdún, kò sì sí ẹni tí ó bi í ní ohunkóhun. Bí a bá mú oúnjẹ kúrò lẹ́nu ẹnìkan nítorí ẹyẹ, ó tọ́ kí a wá òmíràn fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun náà ti di ẹni tí ń san owó ọdún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀pẹ tiwa ń tán lọ nítorí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ó pọ̀, ó lágbára, bí a bá sì gé imọ̀ tí ó ti gbó lára èyí tí ó ti dàgbà, kò pa á lára. Àwọn akọ̀pẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. A ó rán àwọn ọmọdé jáde pẹ̀lú àdá. Wọn kò lè gun ọ̀pẹ gíga, nítorí náà ọmọ ọ̀pẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni wọn yóò kọjú sí, èyí tí àgbẹ̀ kan gbìn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọn yóò sì fa màrìwò rẹ̀ yọ. Àgbẹ̀ náà lè má jẹ́ ọmọ Ìjọ wa. Ohun tí yóò mọ̀ nípa ìwọlé Olúwa sí Jerúsálẹ́mù ni pé ọ̀pẹ òun ti di kúkúté. Bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò.

Àwọn baba ńlá wa mọ ohun tí màrìwò jẹ́. Bí wọ́n bá ta á sí ẹnu ọ̀nà igbó kan, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Àwa kò bá wọn sin ohun tí wọ́n ń sin nínú igbó náà; síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ibi kan wà tí àdá kò gbọdọ̀ dé. Àwọn náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ irú ìbéèrè tí mo ń bi yín yìí. Ìkóóde tí ó wà lára adé ọba, ìrù odídẹrẹ́ ni. Odídẹrẹ́ tiwa náà ti ṣọ̀wọ́n, nítorí igbó tí a gé àti nítorí àwọn tí ń mú un tà sí òkè òkun, débi pé ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi ìbò pinnu láti ka òwò èyí tí a mú nínú igbó léèwọ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan dábàá pé kí a kúkú ra ewé oníke, kí a máa fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Rárá o. Àwọn àpò omi tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá kiri ní ọgbà ìjọ lẹ́yìn gbogbo ìwọ́de ti tó wa í kó, kò yẹ kí a fi kún un. Yàtọ̀ sí èyí, imọ̀ tí a bùkún ní ọdún yìí ni ó yẹ kí ó di eérú iwájú orí wa ní Ọjọ́rú Eérú ọdún tí ń bọ̀. Èwo ni a ó sun nínú oníke? Ohun tí kò lè gbẹ kò lè kọ́ wa pé erùpẹ̀ ni wá.

Ní ọdún yìí, a kì yóò rán ọmọdé kankan lọ gé màrìwò. Ẹni tí ó bá ní ọ̀pẹ tí ó ti dàgbà ní oko, tí ó sì fẹ́ kí a gé imọ̀ níbẹ̀, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Katikísì kí ọ̀sẹ̀ kẹta Àwẹ̀ tó parí. Ìmọ̀ràn mi fún ìgbìmọ̀ ni pé kí ewé kékeré kan tó ẹnìkan, kí a má sì fi màrìwò ṣe ẹnu ọ̀nà mọ́ nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀. Àwọn òdòdó tí àwọn ìyá Ìjọ gbìn sí ẹ̀bá ògiri tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ewé mìíràn láti inú ọgbà ara rẹ̀, kí ó gbé e wá, a ó bùkún un. Ẹ mú imọ̀ èṣí tí ó wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín wá kí Ọjọ́rú Eérú tó dé. Akọ̀pẹ tí yóò bá wa gé ti ọdún yìí yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún, láti inú ọrẹ ọjọ́ náà.